Ayùn tí Ìyá Wọn Ń Pè ní Orogún

Bàbá Kékeré kò tíì sọ̀rọ̀ náà tán tí inú Káfíńtà fi dàrú.

Yàrá ìgbàlejò bàbá wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dolóògbé ni wọ́n jókòó sí, lórí àwọn àga tí olóògbé fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Káfíńtà jókòó síwájú, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Bàbá Kékeré, tí í ṣe àbúrò olóògbé, sì wà láàárín. Ilé di ti àwọn ọmọ méjèèjì. Ṣọ́ọ̀bù di ti Káfíńtà. Ìfági, òòlù, ayùn ọwọ́, tábìlì iṣẹ́, àti gbogbo pákó tó wà lẹ́yìn ilé, Káfíńtà ló ni ín. Títí dé ibẹ̀, Káfíńtà ń mi orí bí ẹni tí orin dùn mọ́.

"Ṣùgbọ́n ayùn ńlá," Bàbá Kékeré ní, "ti Aránṣọ ni."

"Ti ta?"

"Ti àbúrò rẹ. Ẹnu bàbá yín gan-an ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní òun ló tọ́ sí. Mi ò béèrè ìdí. Ẹni tó ń múra ìrìn àjò, a kì í bá a jiyàn lẹ́nu ọ̀nà."

Aránṣọ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Káfíńtà ń wo Aránṣọ. Ọmọ tó jẹ́ pé ẹnu abẹ́rẹ́ nìkan ló mọ̀, òun ni wọ́n gbé ẹnu ayùn fún.

Ẹni tí kò bá rí ayùn yẹn rí, kó fojú inú wò ó báyìí: òpó irin kan tó ga ju ènìyàn lọ, kẹ̀kẹ́ irin ńlá méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, àti ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà tó yí méjèèjì ká, tó wá gba àárín tábìlì irin kọjá. Bí wọ́n bá tanná sí i, á kọ́kọ́ kérora bí arúgbó tó ń dìde lórí ẹní, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Igi títọ́, ayùn ọwọ́ lè gé e. Ṣùgbọ́n igi tó máa tẹ̀ kọrọdọ bí ẹ̀yìn àga, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Láyé ìgbà yẹn, èèyàn kò tíì ní dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí òórùn igi tútù àti òróró ẹ̀rọ á ti wá pàdé rẹ̀ lójú títì. Òórùn yẹn kì í kúrò nínú aṣọ. Kì í tètè kúrò lọ́kàn náà.

Ìyá wọn ló sọ irin náà ní Orogún. Nígbà tó wà láyé, ó ní bí ọkọ òun bá jí, kì í kí òun, ìdí irin ló ń kọrí sí, á fi àkísà nù ún, á fi òróró pa á lára, á tẹ́tí sí i bí ẹni pé ó fẹ́ sọ àlá tó lá. "Èmi tí mo bímọ méjì fún un, ta ló fi òróró pa mí lára rí?" Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Bàbá pàápàá á rẹ́rìn-ín, á sì tún padà sídìí Orogún.

Àmọ́ kì í ṣe irin lásán ló ń dun Káfíńtà. Ìdúró ni. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá wọn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà dúró nídìí ayùn: ẹsẹ̀ òsì á lọ síwájú pátápátá, èjìká ọ̀tún á sá sẹ́yìn, ọrùn á nà bí ti ẹni tó ń yọjú wo ìjà aládùúgbò lójú fèrèsé. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ni òpó irin wà, ó sì ti ha gbogbo wọn ní ìgúnpá. Àwọn káfíńtà yòókù ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè wọ́n ní Ọmọ Akàn. Inú kì í bí wọn. Bàbá wọn a máa sọ pé iṣẹ́ tó bá rọni lọ́rùn, eré ni. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó mọ ìdúró náà bíi Káfíńtà. Bó bá kẹ́yìn síni nídìí Orogún, àwọn àgbà á dúró, wọ́n á ní, "Bàbá rẹ̀ rèé." Nígbà tí Bàbá Kékeré wá gbé ayùn fún ẹlòmíì, ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n fa ilẹ̀ yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó délé, ó ń rojọ́ fún ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ," ìyàwó ní, "ṣé owú lẹ̀ ń jẹ ni?"

"Owú kẹ̀? Ta ni mo fẹ́ jowú?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Nígbà tí ìyá yín ń bá irin jowú, ṣebí ẹ jókòó, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ni ìyáálé báyìí, ẹ rọra."

Káfíńtà ní kó gbé omi ìwẹ̀ fún òun, kó yé ṣe bí ọlọ́gbọ́n.

Ayùn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, Aránṣọ kò sì sọ pé kó má lò ó. Ìyẹn gan-an ló tún ń bí i nínú. Bó bá na ọwọ́ sí súìṣì, á dà bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀ nílé aládùúgbò. Oníbàárà á ní, "Ayùn yín yìí mà dáa o," Káfíńtà á wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n bá lórí ẹní ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ kan Aránṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù, òwú funfun lẹ́nu aṣọ, okùn ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Bùọ̀dá, ẹ má bínú."

"Kí lo ṣe?"

"Mi ò tíì ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ayùn yìí ni. Mi ò mọ ohun tí Bàbá rí tí wọ́n fi fún mi. Mi ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, mi ò mọ ibi tó ti wá, mi ò mọ iye tó tó. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi wò ó dáadáa, kẹ́ ẹ sọ ohun tó jẹ́. Èyí tẹ́ ẹ bá sọ ni màá gbà."

Ohun tó bá sọ ni yóò gbà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Káfíńtà bí ìgbà tí ìlẹ̀kùn títì bá ṣí fúnra rẹ̀. Ó yí Orogún po. Ó gbá òpó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fi èékánná ha ọ̀dà ara rẹ̀, ó mí kanlẹ̀ bíi dókítà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò dáa.

"Irin àlòkù ni."

"Bẹ́ẹ̀ ló burú tó?"

"Kẹ̀kẹ́ ti jẹ. Inú ti dípẹtà. Gbogbo ara rẹ̀ wọ́, òun ló jẹ́ kí àwa tá à ń lò ó máa wọ́. Ẹni tó bá rà á, àwọn tó ń yọ́ irin ló máa tà á fún. Owó iyọ̀ ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọmọ ìyá ni wá, mo lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun kan fún ọ, kí èmi máa bá ìyà mi yí níbí."

Aránṣọ wo òpó irin náà láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ ṣé, Bùọ̀dá. Àmọ́ mi ò mọ̀ pé ẹ máa tètè dá mi lóhùn, mo ti ní kí ọkùnrin kan tó ń wá ẹ̀rọ àtijọ́ kiri wá wò ó lọ́la. Bẹ́ ẹ bá ní kó má wá mọ́, màá sọ fún un."

Báwo ni yóò ṣe sọ pé kó má wá? "Jẹ́ kó wá," ó ní. "Kí ló fẹ́ rí tí mi ò rí?"

Gíláàsì méjì ni ọkùnrin náà gbé wá, ọ̀kan lójú, ọ̀kan níwájú orí, nítorí náà Onígíláàsì ni ìyàwó Káfíńtà ń pè é láti ìgbà tó ti gbé omi fún un títí dòní. Ó kí gbogbo wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bọ́ àwọ̀lékè, ó sì dọ̀bálẹ̀ sáàárín lẹ́búlẹ́bú igi, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni, abẹ́ tábìlì ayùn ló ń wò. Ó fi àkísà kẹrosíìnì nu ìdí òpó, ó sì ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ họ ọ̀dà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé kúrò, ọ̀dà aláwọ̀ eérú yọ, dúdú wà lábẹ́ rẹ̀, lábẹ́ dúdú ni lẹ́tà ńláńlá ti yọrí, tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ irin látìgbà tí wọ́n ti rọ ọ́. Káfíńtà, tó ti lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nídìí òpó yẹn, kò rí lẹ́tà náà rí.

"Ilé iṣẹ́ yìí ti kógbá wọlé tipẹ́," Onígíláàsì ní. "Ẹ wo ibi tí ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ti ń yí. Òjé ni wọ́n yọ́ dà síbẹ̀. Wọ́n ti ṣíwọ́ irú rẹ̀ kí bàbá yín tó mọ̀ pé igi ń jẹ́ igi. Ẹ̀rọ yìí ju bàbá yín lọ."

"Ó ti gbó nìyẹn," Káfíńtà ní.

"Ó ti dàgbà. Gbígbó yàtọ̀." Ó dìde, ó rìn lọ sẹ́yìn ayùn, ó padà wá síwájú, ó tún lọ sẹ́yìn, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé igi díẹ̀."

Inú Káfíńtà dùn. Ó mú pákó kan, ó fi lẹ́ẹ̀dì fa ẹ̀yìn àga sórí rẹ̀, ó tanná, ó sì dúró: ẹsẹ̀ òsì síwájú, èjìká ọ̀tún sẹ́yìn, ọrùn nínà. Ó gé e bí ẹni tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tó pa iná, Onígíláàsì ti fa gíláàsì iwájú orí rẹ̀ wálẹ̀ lé ti ojú.

"Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá mi."

"Ta ló kọ́ bàbá yín?"

"Wọ́n kọ́ ara wọn ni. Ọwọ́ ẹnì kan tó ń kó ẹrù kúrò nílùú ni wọ́n ti ra ayùn yìí. Wọn ò lo òmíì rí títí wọ́n fi lọ."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Onígíláàsì. Ó gbé e mì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Gbogbo irú ayùn yìí tẹ́ ẹ bá rí níbikíbi, ọwọ́ òsì ni òpó rẹ̀ ń wà. Ti èyí wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn tó ṣe é kò ṣe púpọ̀, àfi tí ẹnì kan bá bẹ̀ wọ́n. Ayùn ọlọ́wọ́ òsì ni. Ìdúró tẹ́ ẹ dúró yẹn, ẹni tó ti bàtà òsì bọ ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dúró bẹ́ẹ̀."

Káfíńtà gbé pákó tó gé tán sórí tábìlì.

"Bàbá mi kì í ṣe òmùgọ̀," Káfíńtà ní.

"Mi ò pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi ayùn òdì gé igi tó jọjú fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, tí kò gé ìka, èmi ò mọ ẹlòmíì tó lè ṣe é. Àmọ́ ìyà jẹ wọ́n o. Ta ni ọlọ́wọ́ òsì nínú yín?"

Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ òsì ni Aránṣọ fi ń jẹun, òun ló fi ń gé aṣọ. Àlùmọ́gàjí tó wà lápò rẹ̀ ní àkókò yẹn gan-an, èyí tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ òsì, bàbá wọn ló wá a kiri títí tó fi rí i.

"Ẹ wá dúró síbí," Onígíláàsì sọ fún un. Ó fi ibi tí ọwọ́ ń gbà hàn án. Aránṣọ dúró ṣánṣán, bí ẹni tó dúró síwájú dígí. Òpó irin kò kàn án níbì kankan. Pákó náà bá ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ayùn kọrin kan tí Káfíńtà kò gbọ́ rí, orin tí kò ní ìkérora nínú.

Owú ru sókè láyà Káfíńtà bí omi gbígbóná tó ṣí ìdérí ìkòkò. Ó rántí ìgbà kan báyìí. Ọmọdébìnrin ni Aránṣọ, ó gun orí àpótí, ó ti pákó kékeré kan sínú ayùn, bàbá wọn sì dúró, ó ń wò ó, ó ń wò ó, kò bá a wí. Irú wíwò yẹn, kò wo Káfíńtà bẹ́ẹ̀ rí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Káfíńtà sọ fún bàbá rẹ̀ pé bó bá jẹ́ obìnrin ni wọ́n fẹ́ máa kọ́ níṣẹ́ káfíńtà, kí òun lọ bá ọ̀gá mìíràn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú àbúrò rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ aṣọ. Káfíńtà rò pé òun ló borí. Bàbá wọn kò kàn bá a jiyàn ni. Ó pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ di ìgbà tí kò ní sí níbẹ̀ tí wọ́n á fi bá a jà.

Onígíláàsì wá dá owó lé ayùn. Owó náà lè ra ṣọ́ọ̀bù yẹn tòrùlé tògiri, kó sì tún ṣẹ́kù. Ìyàwó Káfíńtà tó ń kó ife sọ ọ̀kan nílẹ̀.

"Mo lè gbé e lọ bẹ́ ẹ bá fẹ́," Onígíláàsì ní. "Ẹ sọ fún mi lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rò ó." Ó kí wọn, ó jáde.

Aránṣọ yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bùọ̀dá, kí ni kí n ṣe?"

"Tà á."

"Kí n tà á?"

"Lónìí. Kí ọkùnrin yẹn tó yí ọkàn padà."

Bí wọ́n bá tà á, òun náà kò ní rí i lò mọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kàkà kí eku má jẹ sèsé, á kúkú fi ṣe àwàdànù. Kí Orogún lọ sí ìlú òkèèrè, kó lọ jókòó sílé olówó kan tí wọ́n á máa fi í ṣẹ̀ṣọ́. Ìyẹn ṣì tẹ́ ẹ lọ́rùn ju kí oníbàárà wọlé, kí wọ́n bá Aránṣọ nídìí rẹ̀, kí àwọn àgbà dúró, kí wọ́n ní bàbá rẹ̀ rèé.

"Lánàá, ẹ ní owó iyọ̀ ni," Aránṣọ ní, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Lónìí, ẹ ní kí n sáré. Mi ò tà á, Bùọ̀dá. Ẹ kọ́ mi."

"Kí ni n ó kọ́ ẹ? Òdì ni gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ṣebí o wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni yín."

"Kó o gbé e. Gbé e kúrò níwájú mi."

Àwọn géńdé wá láti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan, wọ́n fi páìpù irin tó ń yí lábẹ́ rẹ̀ gbé Orogún kúrò, wọ́n gbé e lọ sí yàrá tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Aránṣọ ti ń ránṣọ. Ilẹ̀ ibi tó dúró sí ní ṣọ́ọ̀bù mọ́ ju ibi yòókù lọ. Káfíńtà gbé pákó jọ lé e lórí, kí ojú má baà máa lọ síbẹ̀.

Ó padà sí ayùn ọwọ́. Ẹ̀yìn àga tó máa ń gé kí ọbẹ̀ tó hó, ó di iṣẹ́ odidi ọ̀sán. Ìròyìn sì ń tẹ̀lé e ká. Wọ́n ní Aránṣọ ń gé ìfàṣọkọ́ onígi fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Wọ́n ní ó ti gé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ọmọ tó máa ń mì lọ mì bọ̀. Wọ́n ní ó ń gé igi bí ẹni tó ń gé aṣọ.

"Ta ló bi yín?" Káfíńtà á ní. Bí ó bá tún ṣe díẹ̀, á ní, "Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn, ṣé ó dọ́gba ṣá?"

Ìyàwó rẹ̀ kò bá a ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ẹ̀fẹ̀. Ojú Káfíńtà ń jìn sínú, ó ń bá òòlù jà.

Nígbà tó yá, ilé ìkàwé kan fẹ́ àga, àga púpọ̀, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ló tẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo igi, ó wo ayùn ọwọ́, ó wo ọkọ rẹ̀. "Igi yìí ò ní gé ara rẹ̀," ó ní. Káfíńtà fi ayùn ọwọ́ rọ́jú gé e títí apá fi ń ro ó. Ó wá ru pákó lé èjìká, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, nítorí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i lójú títì.

"Ẹ káàbọ̀, Bùọ̀dá," Aránṣọ ní, bí ẹni pé àná ni wọ́n ríra. Ó gba pákó lọ́wọ́ rẹ̀. Káfíńtà fa ìlà, àbúrò rẹ̀ tanná. Ó ti nu Orogún mọ́ tónítóní, lẹ́tà ara òpó ń dán. Àkọ́kọ́ lọ geere. Èkejì lọ geere. Káfíńtà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ká apá mọ́yà, ó ń wá àbùkù bí ẹni ń wá eégún nínú ẹja.

Nídìí ẹ̀kẹta, ìlà náà yí jinlẹ̀, ayùn há. Aránṣọ dúró díẹ̀. Iná ṣì wà lára ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ dì mọ́ pákó, ó fẹ́ fà á sẹ́yìn.

Káfíńtà rí i. Ó rí gbogbo ohun tó kù kó tó ṣẹlẹ̀: pákó á fa ayùn tẹ̀ lé ara rẹ̀, ayùn á bọ́ lórí kẹ̀kẹ́, á fò, á já. Ẹ̀rù á bà á. Bóyá kò ní súnmọ́ ibẹ̀ mọ́ láéláé. Nǹkan kan nínú Káfíńtà jókòó, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ó dùn mọ́ ọn, ó dùn mọ́ ọn gan-an.

"Má fà á," ẹnu rẹ̀ ní. "Má fà á sẹ́yìn. Pa iná ná."

Aránṣọ pa iná. Kẹ̀kẹ́ rọra yí títí ó fi dúró. Àwọn méjèèjì ń mí.

"Tí ayùn bá ń yí, igi kì í padà sẹ́yìn," Káfíńtà ní. "Á bọ́ kúrò lórí kẹ̀kẹ́, ibi tó bá wù ú ló máa lọ. Ibi tó bá yí jìn báyìí, kọ́kọ́ gé e wẹ́wẹ́ láti etí pákó dé ìlà, kí èyí tí o ò fẹ́ máa já bọ́ bó o ṣe ń yí. Ayùn á ráàyè."

"Ẹ ní kò sí nǹkan tẹ́ ẹ lè kọ́ mi."

"Èyí kò mọ ọ̀tún, kò mọ òsì."

Ó fi lẹ́ẹ̀dì fa àwọn ìlà wẹ́wẹ́ náà fún un. Aránṣọ gé wọn bó ṣe ní kó gé wọn. Èyí tó tẹ̀ lé e, kò béèrè mọ́.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ń sá ẹ̀wù sórí okùn. Káfíńtà bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Báwo ló ṣe gé e?"

"Ó gé e."

"Mo ní báwo."

Káfíńtà gbọn lẹ́búlẹ́bú igi kúrò ní ṣòkòtò, ó gbọ̀n ọ́n títí tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. "Ó gé e jù mí lọ."

Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé agbọ̀n aṣọ sílẹ̀, ó sì jókòó tì í.

"Ṣé ẹ ó tún lọ lọ́la?"

"Àga ilé ìkàwé kò tíì dé ìdajì," ó ní. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún ní, "Ó ṣì ń dùn mí o."

"Mo mọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ lọ bẹ́ẹ̀ náà."